Ìwà Adarí Ìjọ Kọjá Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Ẹ̀kọ́ láti Ayétòrò ní Etíkun Ìlàjẹ

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ àbójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ gbé wa dé abúlé kan ní apá odò ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Igbókòdá ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí a ti ń súnmọ́ èbúté abúlé náà, ilé ìjọsìn méjì ni a rí tí wọ́n dojú kọ ara wọn, tí odò tóóró kan sì là wọ́n láàárín. Ìjọ kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Aṣọ funfun kan náà ni wọ́n ń wọ̀, agogo kan náà ni wọ́n ń lù. Àwọn adarí méjèèjì jọ dàgbà ni. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi jọ ri òpó ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ mọ́ ẹrẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ìkórè àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ipò kàn dé, àárín wọn dàrú, wọn kò sì kí ara wọn mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé òun kò lè to àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sórí bẹ́ǹṣì bí ó ti wu òun. Àwọn òbí ti kìlọ̀ pé ọmọ tí ó bá ti òdìkejì odò wá kò gbọdọ̀ bá tiwọn jókòó. Ó wá bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò tíì gbàgbé títí di òní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ta ni kí n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìwà, ṣé àwọn ọmọ ni àbí àwọn bàbá wọn?”

Ìbéèrè yìí ni ó bí àròkọ yìí. Èrò wa ni pé ìwàásù, àlá rírí àti ohùn orin kò tó láti fi wọn ìwà adarí ìjọ. Àjọṣe tí ó wà láàárín òun àti àwọn tí wọ́n yí i ká ni òṣùwọ̀n: aya àti ọmọ rẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó lè bá a wí, àti owó tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìlú Ayétòrò, tí ó wà ní etíkun Ìlàjẹ yìí kan náà, ni a ó fi ṣe àwòjíìjí wa, nítorí pé ìlú tí ìjọ dá sílẹ̀, tí adarí ìjọ sì ń ṣe ọba lé lórí ni.

Ìwà àti Àjọṣe

Kò sí ẹni tí ó kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe wà ni a ti ṣẹ̀dá ìwà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹnu mọ́ èyí nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́ ní ọdún 1975. Bí ènìyàn ṣe wà ni ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dá wà. Nítorí náà ni Yorùbá kì í fi í pe ẹnikẹ́ni ní ọmọlúàbí lójú ara rẹ̀ nìkan. Ará ilé, aládùúgbò àti àlejò ni wọ́n ń jẹ́rìí sí i. Òwe tí ó sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde kò yọ aláṣọ funfun sílẹ̀.

Ẹ̀sìn Kristi kò tako èyí. Bí a bá ka orí kẹta ìwé Tímótì Kìíní, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti to ohun tí a ó máa wò lára alábòójútó ìjọ, a ó rí i pé ẹ̀bùn ẹnu kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ìyẹn ni mímọ ẹ̀kọ́ í kọ́ni. Ìyókù, ìwà àti àjọṣe ni: kí ó máa gba àlejò, kí ó má jẹ́ oníjà, kí ó má jẹ́ olójúkòkòrò, kí ilé rẹ̀ tòrò, kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ pàápàá lè jẹ́rìí rẹ̀ sí rere. Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú gbogbo rẹ̀. Ó yani lẹ́nu nígbà náà pé, bí a bá ń wá adarí lóde òní, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ó ń ríran, bóyá ohùn rẹ̀ dùn, àti bóyá èrò ń tẹ̀lé e.

Ayétòrò: Bí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun. Inúnibíni ni ó lé wọn débẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti bọ òrìṣà tí àwọn ará ilé wọn ń bọ, wọ́n sì tako pípa ìbejì. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń jìjàdù lé lórí. Ẹrẹ̀ ni, omi ni, ẹ̀fọn sì ni. Lórí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n sì tò ṣe òpópónà.

Ethiope Eti ni ọba wọn àkọ́kọ́; Ogeloyinbo ni oyè ọba ìlú náà títí di òní. Ọba yìí kan náà ni olórí ìjọ, ipò náà kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pinnu pé ohun gbogbo yóò jẹ́ ti gbogbo wọn, bí a ti kà nípa àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́. Apẹja kó ẹja rẹ̀ fún ìlú, ahunṣọ kó aṣọ fún ìlú. Ilé ìṣúra ìlú ni ó sì ń bọ́ wọn, òun ni ó ń rí sí aṣọ àti ibùgbé wọn.

Èso ìpinnu yìí ya àwọn tí wọ́n ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ilé iṣẹ́ bàtà, ti aṣọ híhun, ti ìfọṣọ àti ti búrẹ́dì. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti òkèèrè láti wá wo ìlú aláyọ̀ yìí.

Ohun Tí Ó Gbé Ìlú Náà Ró

Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àṣà àti àwùjọ ẹ̀dá, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1977 lórí ìdìde àti ìṣubú ìlú yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Olowo ni ó pè é nínú ìwé náà láti fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Ó fi ìlú náà wé abúlé kan nítòsí tí ẹ̀sìn wọn jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí oníkálukú ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan là, èkejì kò là. Nítorí náà, ó ní àjọṣiṣẹ́ àti àjọní ni olórí ohun tí ó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, pé ẹ̀sìn nìkan kọ́.

A gba ẹ̀rí rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n a fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan. Kí ni ó ń mú kí apẹja tí ó ti gbé òru lójú òkun kó gbogbo ẹja rẹ̀ sílẹ̀ láìbu ọ̀kan pa mọ́? Ìpayà lè mú un ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ènìyàn tó lè máa ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, ó ní láti gbà gbọ́ pé ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ìṣúra mú kò ní jẹ ju òun lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni a ń pè ní àjọṣe rere. Bí adarí bá pa á tì, òfin àjọní á di ẹrù. Bí ó bá tọ́jú rẹ̀, ìdáwó kékeré inú ìjọ ogún ènìyàn pàápàá á kọ́ ilé ìwé. Lójú tiwa, ohun tí abúlé kejì ṣe aláìní ju ètò ọrọ̀ ajé lọ: kò sí ẹni tí ó fi ohun ìní rẹ̀ fọkàn tán ẹnì kejì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tí ó bá sì ń fura sí ara rẹ̀ kò ṣeé gbájọ.

Ibi Tí Okùn Ti Já

A kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nínú ìtara láti mú kí gbogbo ìlú jẹ́ ẹbí kan ṣoṣo, àwọn adarí Ayétòrò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ obìnrin fún ìgbà kan. Apá ibi tí ọkùnrin ń gbé yàtọ̀ sí ti obìnrin, a sì ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ láti tọ́. Ẹni tí ó ṣe òfin náà lè ní èrò rere lọ́kàn: kí ìyá má baà bu oúnjẹ fún ọmọ tirẹ̀ ju ọmọ ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá já kúrò lára ilé, ìjọ kò lè fi orin dí i. Ìlú tìkára rẹ̀ padà lẹ́yìn ètò náà, tọkọtaya sì tún padà máa gbé pọ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ohun ìní. Lẹ́yìn tí ọba àkọ́kọ́ wàjà, ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, a bẹ̀rẹ̀ sí í fàyè gba òwò àdáni. Díẹ̀díẹ̀ ni àjọní fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ayé ni ó yí padà, èyí sì lè jẹ́ òtítọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn ní ọkọ̀ àti àwọ̀n tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ètò tí kò sí ọ̀nà fún mẹ̀kúnnù láti béèrè ìṣirò lọ́wọ́ adarí láìbẹ̀rù dúró lórí ìwà ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà kò sì lè wà títí láé. Nígbà tí ó bá lọ, ohun tí ó dúró lé e á yẹ̀. Àṣìṣe yìí kan náà ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí: olùdásílẹ̀ kú, ọmọ ìjọ mẹ́ta dá ìjọ mẹ́ta sílẹ̀ kí ìsìnkú tó parí.

Àárín Adarí àti Alábàáṣiṣẹ́ Rẹ̀

Bí a bá tọpa odò yìí dé orísun rẹ̀, a ó rí i pé ìyapa kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlàjẹ. Ní ọdún 1925 ní Èkó, Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó, gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Kristiánà Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, ẹni tí ó wà nínú ìran. Láti inú ìpàdé àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ Séráfù ti jáde. Ọ̀kan jẹ́ àgbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè rìn, tí ó sì ti gbààwẹ̀ tí ó ti wàásù káàkiri. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ó lè rin ìrìn àjò ìhìnrere dé ìlú dé ìlú. Ohun tí ó kù fún ọ̀kan, èkejì ní in. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Síbẹ̀, ní ọdún 1929, wọ́n pínyà. Ìjà ẹni tí ó jẹ́ olórí, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n dúró láàárín wọn, àti ìbéèrè bóyá obìnrin lè wà ní ipò adarí ni wọ́n dá ìyapa sílẹ̀. Orímọládé kú ní ọdún 1933 láìtún un ṣe. Ẹ̀ka ń pín di ẹ̀ka. Ọdún 1986 ni ètò ìṣọ̀kan tó gbà Abíọ́dún ní olórí, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn ìyapa àkọ́kọ́. Ó sì kú ní ọdún 1994.

A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà náà jà lórí ọ̀rọ̀ Jòhánù Máàkù, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò kú pẹ̀lú ìbínú náà. Nígbà tí ó ń kọ ìwé sí Tímótì lẹ́ẹ̀kejì, Máàkù yìí ni ó ní kí wọ́n mú wá bá òun, nítorí pé ó wúlò fún òun. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé adarí lè ṣì í ṣe, ó sì lè bínú. Ohun tí ìwà rere ń béèrè ni pé kí ó ní ọ̀nà àbọ̀. Ìbá ṣe pé ẹnì kan wà láàárín wọn ní 1929 tí ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì ju ipò tirẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ìtàn náà yàtọ̀.

Ṣé A Lè Bá Adarí Wí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ta ko ohun tí a ń sọ. Wọn yóò ní ẹni òróró kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni ìbáwí rẹ̀ ti ń wá. Ìdáhùn wa ni pé Nátánì bá Dáfídì wí lójúkojú, Dáfídì sì jẹ́ ẹni òróró. Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí ní Áńtíókù níwájú gbogbo ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ bí ó ṣe fà sẹ́yìn kúrò níbi oúnjẹ àwọn Kèfèrí. Jẹ́tírò, tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì rárá, sọ fún Mósè pé ọ̀nà tí ó fi ń dá ẹjọ́ kò dára, Mósè sì gbọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìbáwí máa ń ba ìṣọ̀kan jẹ́. Wọn kò parọ́ pátápátá. Ìbáwí tí a fi ìbínú ṣe, tí a ṣe lẹ́yìn ẹni, tàbí tí a ṣe nítorí àtigba ipò, ìjà ni, kì í ṣe ìbáwí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a ti pèsè àyè rẹ̀ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé: kí ìgbìmọ̀ àgbà wà tí adarí kò nìkan yàn, kí a máa ka ìṣirò owó sí etí ìjọ, kí obìnrin àti ọ̀dọ́ ní ohùn níbẹ̀, kí a sì mọ bí a ó ṣe yan arọ́pò nígbà tí adarí ṣì wà láàyè. Adarí tí ìwà rẹ̀ dára kò ní sá fún èyí. Atukọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ẹni tí ó jókòó síwájú ọkọ̀ bí ó bá kígbe pé kùkùté ń bẹ lábẹ́ omi.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìjọ. Ó kàn wá gidigidi. Ní etíkun Ìlàjẹ, bí olùkọ́ tuntun bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti ọ̀dọ̀ adarí ìjọ ni a ó kọ́kọ́ mú un lọ. Kò ní pẹ́ tí a ó fi ní kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí ó máa kọ ìwé fún ìjọ, kí ó sì máa ka ìṣirò owó. Adarí ni òun náà ti di yẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí a kò bá kọ́ ọ ní àjọṣe nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ wa, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fẹ́ dá lábàá. Àkọ́kọ́, nígbà tí a bá ń kọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí, kí a má fi í mọ sórí òwe àti ìkíni nìkan. Kí a fi ìtàn tòótọ́ bí ti Ayétòrò àti ti ọdún 1929 ṣe ohun èlò ìjíròrò, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn wá ibi tí okùn ti já. Èkejì, kí a rán akẹ́kọ̀ọ́ wa sí etíkun láti gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà tí ó kù, pàápàá jù lọ àwọn ìyá, nítorí pé ohùn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ti kọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ wo ara wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí olùkọ́ méjì nínú ẹ̀ka kan náà tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé wa.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú báyìí nítorí pé òkun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Ayétòrò, omi òkun ti gba ilé gbígbé, ó ti gba ilé ìwé, ó ti gba ibi ìsìnkú àwọn tí wọ́n tẹ ìlú náà dó. Àjọ tí ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004, wọ́n sì tún un gbé jáde ní ọdún 2009, síbẹ̀ òkun ń wọlé lọ ni. Àwọn tí wọ́n ń gbé etí omi yìí nílò ohùn kan ṣoṣo láti bá ìjọba sọ̀rọ̀, wọ́n sì nílò adarí tí òdìkejì odò lè gbẹ́kẹ̀ lé. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ìkádìí

Nínú àròkọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwà adarí ìjọ àti àjọṣe rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó jẹ́ kí àwọn tí a lé kúrò nílé kọ́ ìlú aláyọ̀ sórí ẹrẹ̀. Àjọṣe ilé tí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn àti ìṣirò tí mẹ̀kúnnù kò lè béèrè sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. A kò sọ pé Ayétòrò kùnà pátápátá. Ìlú náà ṣì ń jọ́sìn, ó ṣì ní ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá òkun wọ̀yá ìjà.

Nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ padà sí Igbókòdá lọ́jọ́ náà, a kò tíì rí ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, ó ròyìn fún wa pé òun fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní iṣẹ́ àmúrelé: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi bàbá tàbí ìyá rẹ̀ léèrè ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn jù lọ nígbà tí wọ́n wà léwe, kí ó sì wá kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ ka ohun tí wọ́n kọ sókè, orúkọ òdìkejì odò ni ó pọ̀ jù. Kò sọ fún wa pé àwọn àgbà méjì náà ti parí ìjà, a kò sì gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ méjì kan ti ń jókòó pa pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan, kò sì sí òbí tí ó tíì wá yà wọ́n.